Kí Ni Òkú Fi Sílẹ̀? Ogún, Ara àti Ikú nínú Rogue Legacy àti Rogue Legacy 2

Ìfáàrà

Nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Rogue Legacy, akọni kan wọ inú ilé olódi kan, ó bá àwọn ẹ̀dá abàmì jà, ó kó wúrà, ó sì kú. Bí ó ti kú ni àwòrán mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ yọ síta, kí ẹni tó ń gbá géèmù náà mú ọ̀kan tí yóò jẹ́ àrólé. Àrólé yìí náà yóò wọ ilé olódi, yóò jà, yóò kú, ọmọ tirẹ̀ yóò sì bọ́ sípò. Báyìí ni ìran kan náà yóò ṣe máa rán ọmọ lọ sójú ikú títí ẹnì kan nínú wọn yóò fi ṣẹ́gun.

Ilé-iṣẹ́ Cellar Door Games, tó fi ìlú Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà ṣe ibùjókòó, ló gbé géèmù yìí jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2013. Teddy Lee àti Kenny Lee, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ni òpómúléró ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n fi Rogue Legacy 2 síta láìtíì parí, kí àwọn èèyàn lè máa gbá a bí iṣẹ́ ti ń lọ lórí rẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni ó tó jáde ní odindi.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láti fi apá kejì géèmù kan wé apá kìíní ni kí a ka ohun tó lé: ibùdó mélòó ni wọ́n fi kún un, ohun ìjà mélòó, ọ̀tá mélòó. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ kò ṣàì wúlò, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí àfikún náà túmọ̀ sí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ pàtàkì tó wà láàárín Rogue Legacy àti Rogue Legacy 2 wà nínú ohun tí òkú lè fi sílẹ̀ fún alààyè. Nínú ti àkọ́kọ́, wúrà ni ogún. Nínú ti èkejì, ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ di ogún pẹ̀lú wúrà. Ṣùgbọ́n bí ojú tí géèmù náà fi wo ogún ti ń jinlẹ̀ sí i, ojú tí ó fi wo ara tí àrólé bí mọ́ra kò tẹ̀ síwájú tó bẹ́ẹ̀: ohun tó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ohun tí à ń díye lé. Ibòmíràn, lẹ́yìn òde ìtàn náà, ni a ti rí ìdáhùn tó sàn jù.

Ìlànà tí àtúpalẹ̀ yìí tẹ̀lé ni èyí tí Ian Bogost gbé kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Persuasive Games, tó jáde ní ọdún 2007. Lójú rẹ̀, géèmù ní ọ̀nà àrọwà tirẹ̀, ìyẹn ni pé òfin àti ìlànà tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró ni ó fi ń jiyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àti àwòrán nìkan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ èrò tí géèmù kan ní nípa ikú, òfin tó de ikú níbẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Orísun ẹ̀yà géèmù yìí

Orúkọ roguelite fi orísun rẹ̀ hàn. Rogue ni géèmù tí Michael Toy àti Glenn Wichman kọ ní nǹkan bí ọdún 1980, tí Ken Arnold sì dara pọ̀ mọ́ wọn lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Lẹ́tà àti àmì ìkọ̀wé nìkan ló dúró fún akọni, ọ̀tá àti ògiri nínú rẹ̀. Òfin méjì ló sọ ọ́ di baba ńlá. Èkíní ni pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń tún inú ibùdó náà tò ní gbogbo ìgbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè há ojú ọ̀nà sórí. Èkejì ni pé ikú kò ní àtúnṣe. Nígbà tí àwọn olùfẹ́ ẹ̀yà géèmù yìí pàdé ní ìlú Berlin, ní Jámánì, ní ọdún 2008 láti to àwọn àbùdá tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, òfin méjèèjì yìí wà lára àwọn tí wọ́n kà sí pàtàkì jù lọ.

Nínú Rogue, òkú kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún akọni tó kàn. Bí ó bá ṣe dáadáa, orúkọ rẹ̀ àti iye wúrà tó kó lè wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn tó ta yọ, ṣùgbọ́n wúrà náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Agbágéèmù nìkan ló jogún nǹkan kan: ó ti mọ ọ̀tá tí a kì í súnmọ́ àti ìgbà tó yẹ kí a sá. Ìmọ̀ náà wà lórí rẹ̀, kò sí nínú géèmù. Ẹni tó gbá Rogue fún ọdún mẹ́wàá àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà.

Nígbà tí Cellar Door Games ń polówó Rogue Legacy, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ apá tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ náà roguelite, kí ó lè hàn gbangba pé èyí fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí lámèyítọ́ bi ni pé kí ni wọ́n mú fúyẹ́? Ikú ni. Ó ṣì ń pa akọni, ṣùgbọ́n kì í pa ìdílé rẹ̀.

Wúrà àti oníbodè: ogún nínú Rogue Legacy

Nínú géèmù àkọ́kọ́, wúrà ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí òkú fi ń ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdílé náà ní ilé ńlá kan, èyí tí wúrà tí òkú kó wálé fi ń gbòòrò. Ohun kọ̀ọ̀kan tí àrólé bá rà, ìbáà jẹ́ ìlera tó pọ̀ sí i tàbí oríṣi jagunjagun tuntun, a máa hàn gẹ́gẹ́ bí apá tuntun lára ilé náà. Lóòótọ́, òkú tún lè rí àpẹẹrẹ ìhámọ́ra àti àmì agbára nínú ilé olódi, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò wúlò fún ọmọ rẹ̀ àfi bí ó bá san wúrà fún alágbẹ̀dẹ tàbí fún obìnrin onídán tó wà létí ibodè.

Òfin méjì ló fún wúrà yìí ní ìtumọ̀. Èkíní ni ti oníbodè. Charon, ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé òkú sọdá odò nínú ìtàn àwọn ará Gíríìkì, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi. Gbogbo wúrà tí àrólé kò bá ná ni yóò gbà kó tó jẹ́ kí ó wọlé. Ìdílé náà lè fi wúrà ra agbára láti dúnàádúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó lè dín owó ibodè kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo, tàbí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́, ni ọmọ fi ń wọ ibi tí baba rẹ̀ kú sí. Òfin kejì ni pé gbogbo ìgbà tí ìdílé bá ra ohun kan, iye owó gbogbo ohun yòókù yóò gòkè.

Bí a bá pa òfin méjèèjì pọ̀, ohun tí géèmù náà ń sọ ṣe kedere. Kò sí ẹni tó lè kó wúrà jọ títí láé. Bí ìran kan kò bá sọ owó rẹ̀ di nǹkan tó dúró kó tó jáde nílé, yóò pàdánù rẹ̀. Bí ìdílé bá sì ti ń lówó sí i ni ohun tó kù láti rà ń wọ́n sí i, tó fi jẹ́ pé ogún tó tó fún baba ńlá láti kọ́ yàrá mẹ́ta kò ní tó àrọ́mọdọ́mọ fún ẹyọ kan. Èyí ni géèmù náà fi ń lé agbágéèmù padà sínú ilé olódi. Ó tún jẹ́ àlàyé tó péye nípa ìdílé tó fi gbogbo ìrètí rẹ̀ sórí owó, nítorí kò sí ìran kankan níbẹ̀ tó lè sọ pé ogún òun tó.

Ìrántí pàápàá ní iye tirẹ̀. Nítorí pé kọ̀ǹpútà ń tún ilé olódi tò fún àrólé kọ̀ọ̀kan, ohun tí òkú mọ̀ nípa ojú ọ̀nà a máa bá a lọ. Bí ọmọ bá fẹ́ bá ilé náà gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, yóò bẹ ọkùnrin ayàwòrán-ilé kan tó wà lẹ́nu ibodè, ẹni tí yóò ti ilé náà mọ́ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú gbogbo wúrà tí àrólé náà bá kó yóò di ti ayàwòrán-ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ baba rẹ̀ ní láti fi owó dí i.

Ìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún: Rogue Legacy 2

Nínú èdè Yorùbá, ogún kì í ṣe ilé àti owó nìkan. Iṣẹ́ ìdílé jẹ́ ogún. Oríkì àti èèwọ̀ náà jẹ́ ogún. Kò sí ẹ̀rí pé àwọn tó ṣe Rogue Legacy 2 mọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tó gbòòrò yìí bá ohun tí wọ́n ṣe nínú apá kejì mu ju ìtumọ̀ tó mọ sórí owó lọ.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ ni àwọn ohun àjogúnbá. Nínú géèmù àkọ́kọ́, àmì agbára ni akọni fi ń fò lẹ́ẹ̀kejì lójú òfuurufú tàbí fi ń já síwájú bí ọfà. A ní láti rí i, kí a sì fi wúrà rà á. Nínú ti èkejì, ohun àjogúnbá ló kọ́kọ́ ń fúnni ní irú agbára bẹ́ẹ̀, bíi gèlè Ananke tó ń mú akọni já síwájú, àti ìyẹ́ Aether tó ń jẹ́ kí ó fò lẹ́ẹ̀kejì. A kì í rà wọ́n. Àrólé kan ní láti dé ibi tí ohun náà wà, kí ó sì yege nínú ìdánwò tó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ìdílé náà ni agbára náà wà lára wọn, oníbodè kò sì lè gbà á. Ohun kan náà tó jẹ́ ọjà nínú apá kìíní ti di ìmọ̀ tí ẹnì kan kọ́ fún gbogbo ìran rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà yí padà. Nínú Rogue Legacy, yàtọ̀ sí ẹyọ kan tàbí méjì, idà ni gbogbo oríṣi jagunjagun ń lò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ ti iye ìlera, iye agbára àti ọgbọ́n àrà kan tàbí òmíràn. Nínú Rogue Legacy 2, oríṣi 15 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun ìjà tirẹ̀. Tafàtafà ń ta ọfà, akọrin ń fi ohun èlò orin olókùn jà, alásè sì ń fi páànù ìdáná gbá ohun tí ọ̀tá jù padà. Bí agbágéèmù bá ti ń lo oríṣi kan ni ìmọ̀ nípa rẹ̀ ń ga sí i, àǹfààní tó sì ń ti ibẹ̀ wá kì í ṣe ti oníṣẹ́ náà nìkan. Gbogbo ìdílé ló ń jẹ ẹ́. Alásè tó kú lónìí ti fi nǹkan kún okun tafàtafà tí wọn yóò bí lọ́la.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn òye. Bí àrólé bá rí àmì kan nínú ìrìn rẹ̀ tó tọ́ka sí àṣírí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọ̀tá, géèmù náà yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí òun tàbí ẹni tó tẹ̀lé e bá tọpa rẹ̀ dé òpin, ohun ìjà gbogbo ìdílé yóò túbọ̀ máa dun ọ̀gá ọ̀tá náà láti ìgbà yẹn lọ. Ibi tí apá kejì yìí dé nìyí: ìmọ̀ tó wà lórí agbágéèmù nìkan nígbà ayé Rogue ti wá wọ inú ìdílé akọni. Géèmù náà gbà pé ẹni tó wádìí ohun kan kò kú lásán.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn tirẹ̀. Wúrà nìkan kọ́ ni à ń kó mọ́. Irin wà fún alágbẹ̀dẹ, aether wà fún obìnrin onídán, ẹ̀mí wà fún ọjà tirẹ̀. Oníbodè pàápàá ti rọjú, nítorí ìdílé lè ra àpótí tí yóò máa tọ́jú díẹ̀ nínú ohun tó gbà. Nítorí náà, ó ṣọ̀wọ́n kí àrólé kan kú láìfi ohun kan sílẹ̀. Nínú apá kìíní, àrólé lè kú láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó má fi ju ẹyọ wúrà mélòó kan sílẹ̀, ikú náà a sì dun agbágéèmù. Nínú apá kejì, ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí òṣìṣẹ́ gba owó oṣù. Bí gbogbo ikú bá ti lérè, ó di dandan kí ìbẹ̀rù ikú dín kù, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rù yìí ló ń fún ogún ní iyì. Gbèsè tí ọ̀làwọ́ apá kejì jẹ nìyí, kò sì san án tán.

Orúkọ àwọn ọ̀tá

Ohun tí òfin géèmù sọ nípa ogún, orúkọ àwọn ọ̀tá náà jẹ́rìí sí i. Ọ̀gá ọ̀tá mẹ́rin ló di ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn mú nínú Rogue Legacy: Khidr, Alexander, Ponce de Leon àti Herodotus. Lójú kìíní, wọn kò bára tan. Ọ̀kan wá láti inú ìtàn àwọn Mùsùlùmí, èkejì jẹ́ ọba Masedóníà, ẹ̀kẹta jẹ́ ará Sípéènì, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ òpìtàn Gíríìkì. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni omi ìyè. Khidr ni ìtàn sọ pé ó mu nínú rẹ̀; Alexander ni ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó wá a tí kò rí i; Ponce de Leon ni àwọn èèyàn sọ nípa rẹ̀, lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé nítorí rẹ̀ ni ó ṣe lọ sí Florida; Herodotus sì kọ nípa orísun omi kan ní ilẹ̀ àwọn ará Etiópíà tó ń mú ẹ̀mí gùn. Ọ̀tá tó gbẹ̀yìn gbogbo wọn ni a ń pè ní Orísun náà. Gbogbo wọn, nígbà náà, jẹ́ orúkọ tó rọ̀ mọ́ èrò pé ẹnì kan lè wà láàyè láìkú. Ìdílé tó ń kú ní ìran-ìran wá ń bá àwọn tó kọ̀ láti kú jà. Ọmọ bíbí ni ohun ìjà ìdílé náà.

Nínú Rogue Legacy 2, orúkọ Lamech, Naamah, Enoch, Irad àti Tubal wà lára ti àwọn ọ̀gá ọ̀tá, Cain sì wà ní òpin. Ẹni tó bá mọ Bíbélì yóò rántí orí kẹrin ìwé Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí a ti ka ìran Kéènì: Énọ́kù bí Írádì, a sì dárúkọ Túbálì-Kéènì àti Náámà lára àwọn ọmọ Lámékì. Kì í ṣe àwọn tó ń sá fún ikú ni ọ̀tá mọ́. Ìdílé kan ni. Àwọn náà ní baba ńlá, àwọn náà sì ti jogún nǹkan kan. Jẹ́nẹ́sísì fúnra rẹ̀ sọ fún òǹkàwé pé ẹ̀jẹ̀ arákùnrin ló wà lọ́wọ́ baba ńlá náà. Ìjà náà ti kúrò ní ti ìran pẹ̀lú àìkú, ó ti di ti ìran pẹ̀lú ìran. Àyípadà yìí bá èyí tó wà nínú òfin ogún mu: bí ìmọ̀ bá lè jẹ́ ogún, ẹ̀ṣẹ̀ náà lè jẹ́ ogún.

Ara: láti inú ẹ̀fẹ̀ sí inú ìṣirò

Ohun mìíràn tí àrólé ń jogún ni ara rẹ̀. Nínú géèmù méjèèjì, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè bí pẹ̀lú àbùdá kan tàbí méjì. Àbùdá wọ̀nyí ló sọ Rogue Legacy di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní ọdún 2013, àwọn sì ni ó nira jù láti gbèjà.

Ní ibi tí wọ́n ti dára, òfin àti ìtumọ̀ pàdé. Àrólé tí kì í dá àwọ̀ mọ̀ ń rí gbogbo ayé ní dúdú àti funfun, agbágéèmù náà a sì rí i bẹ́ẹ̀. Àwòrán ohun tó jìnnà ṣókùnkùn fún ẹni tí ojú rẹ̀ kì í rí òkèèrè. Ẹni tí òòyì ń kọ́ ń rìn nínú ilé tó dojú dé. Ẹni tí àìsàn ìgbàgbé Alzheimer ń ṣe kì í ní àwòrán ojú ọ̀nà. Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ti ẹni tí ara rẹ̀ kì í mọ ìrora: géèmù náà fi iye ìlera rẹ̀ pa mọ́, nítorí ẹni tí kì í mọ ìrora kò lè mọ bí ikú ti súnmọ́ òun tó. Òfin kékeré yìí fi yé ènìyàn pé ìrora jẹ́ ìmọ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n inú àkójọ kan náà ni wọ́n ti rí apárí, ẹni tí inú rẹ̀ kì í dúró tó ń sọ̀ bó ti ń sáré, àti ẹni tó ń bú èébú nígbà tí wọ́n bá lù ú. Ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin tàbí obìnrin àti obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, láìní ipa kankan lórí ìjà. A lè túmọ̀ àìnípa yìí sí pé kò yí akọni padà, ṣùgbọ́n tító tí wọ́n tò ó mọ́ àìsàn kò jẹ́ kí ìtumọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òfin tó wà nídìí àkójọ náà ló burú ju àwọn ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àbùdá tó ń ni akọni lára kò lérè kankan. Ohun tó bọ́gbọ́n mu fún agbágéèmù ni kí ó mú ọmọ tí ara rẹ̀ pé, kí ó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Bí kò bá sì fẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lè fi wúrà ra ẹ̀tọ́ láti kọ gbogbo wọn kí wọ́n mú mẹ́ta mìíràn wá. A kọ́kọ́ fi ara aláàbùkù rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Rogue Legacy 2 rí ìṣòro yìí, ó sì wá ojútùú sí i. Púpọ̀ nínú àbùdá tó ń mú ìrìn nira wá ń mú wúrà pọ̀ sí i, iye ìdá tí yóò fi pọ̀ sì wà lára ohun tí agbágéèmù ń rí nígbà tó bá fẹ́ yan ọmọ. Olùfẹ́ àlàáfíà kò lè pa ọ̀tá kankan lára, ṣùgbọ́n wúrà tó ń kó pọ̀ gidigidi. Ẹni tí kì í jẹ ẹran máa ń farapa nígbà tó bá fọwọ́ kan oúnjẹ tó ń wo ẹlòmíràn sàn. Èsì rẹ̀ yá kánkán: ọmọ tí wọn ì bá kọ̀ nínú apá kìíní di ọmọ tí wọ́n ń wá. Agbágéèmù ń mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú ara tó nira, ó ń kọ́ bí a ti ń fi í gbé ayé. Àwọn àpẹẹrẹ méjèèjì yìí tún fi hàn pé àkójọ náà ti ń kúrò ní àìsàn, ó ń lọ sí ìwà àti ìgbàgbọ́.

Ìlọsíwájú ni èyí jẹ́. Síbẹ̀, kí ni ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ọmọ náà? Wúrà ni. Ohun ìní tí apá kejì ti ń gbìyànjú láti yọ kúrò ní ipò ọba nínú ọ̀rọ̀ ogún ló tún padà wá gorí ìtẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ara. Èrò kan wà nínú ìmọ̀ Yorùbá tó lè ran lámèyítọ́ lọ́wọ́ níbí. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe afín, abuké àti arọ, nítorí ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹni tó mọ wọ́n ló ń bú. Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn ló ń pa èrò yìí mọ́ nínú ìṣe, kò sì sí ohun tó kan ilé-iṣẹ́ ní Toronto nínú rẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó fi hàn pé ọ̀nà kẹta wà. A lè fi iyì fún ara kan láìfi rẹ́rìn-ín, láìsì sanwó lé e lórí. Kò sí òfin kan nínú Rogue Legacy 2 tó mọ irú iyì bẹ́ẹ̀. Àrólé tí ayé nira fún ti kúrò ní aláwàdà, ó ti di alágbàṣe tó ń gba owó orí ìṣòro rẹ̀.

Òfin Ilé

Ìdáhùn tó sàn jù tí apá kejì fún ìbéèrè nípa ara kò sí lára àrólé rárá. Inú àtòjọ ètò géèmù náà ni ó wà, lábẹ́ ohun tí wọ́n pè ní Òfin Ilé. Níbẹ̀, agbágéèmù lè dín ìlera ọ̀tá àti ìpalára tí ọ̀tá ń ṣe kù, tàbí kí ó fi kún un. Ó lè pàṣẹ pé kí ìfarakanra pẹ̀lú ọ̀tá má ṣe pa akọni lára mọ́, ó sì lè fún akọni ní agbára láti máa fò kiri. Kò sí irú àǹfààní yìí nínú Rogue Legacy, níbi tí ilé olódi ti le bákan náà fún gbogbo ènìyàn.

Ìtumọ̀ rẹ̀ tóbi ju bó ti hàn lọ. Rogue Legacy gbé àìlera sínú akọni, ó sì ro pé ara ẹni tó ń gbá a pé. Ẹni tí kì í dá àwọ̀ mọ̀ ní ti gidi, tàbí ẹni tí ìka rẹ̀ kì í yá, kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Àwàdà nípa wọn ni ó wà níbẹ̀. Òfin Ilé gbà pé ara àwọn agbágéèmù kì í ṣe ọ̀kan, pé ohun tó jẹ́ ìṣòro díẹ̀ fún ẹnì kan lè ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ẹlòmíràn. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìdí, kò sì fi wúrà kún un tàbí yọ wúrà kúrò lórí ìdí náà. Ohun tí àbùdá olówó kò lè ṣe fún àrólé ni Òfin Ilé ṣe fún ẹni tó di àrólé mú lọ́wọ́.

Àwọn kan lè sọ pé èyí yóò ba ẹ̀yà géèmù tí ìnira jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Èsì rẹ̀ wà nínú ìtàn ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Rogue Legacy ti jẹ́ kí òkú fi wúrà sílẹ̀ ni ó ti gbà pé sùúrù lè dípò ọgbọ́n ọwọ́: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jà yóò kú níye ìgbà, ilé rẹ̀ yóò ga, yóò sì ṣẹ́gun níkẹyìn. Ohun tí Òfin Ilé fi kún un ni pé kò yẹ kí sùúrù nìkan jẹ́ owó ibodè. Àríwísí tó tọ́ sí i ni pé ó wà lẹ́yìn òde ìtàn. Ìdílé náà kò mọ̀ ọ́n, kò sí àrólé tó jogún rẹ̀, kò sì sí ohun kankan nínú ilé ńlá náà tó fi hàn pé ẹnì kan rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Géèmù tó ti kọ́ bí a ti ń sọ ìmọ̀ di ogún kò tíì kọ́ bí a ti ń sọ ìtọ́jú ẹlòmíràn di ogún.

Àgbálọgbábọ̀

Àtúpalẹ̀ yìí ti fi hàn pé bí ọ̀wọ́ géèmù Rogue Legacy ṣe dàgbà ni bí ó ṣe tún ìtumọ̀ ogún ṣe. Nínú Rogue, òkú kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Nínú Rogue Legacy, ó fi wúrà sílẹ̀, ó sì fi àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú Rogue Legacy 2, ó fi ohun tó mọ̀ àti iṣẹ́ tó kọ́ sílẹ̀, orúkọ àwọn ọ̀tá sì yí padà láti bá ìran tuntun yìí mu. Ohun tí ọ̀làwọ́ náà gbà padà ni díẹ̀ lára ìwúwo ikú. Ní ti ara, ẹ̀fẹ̀ di ìṣirò owó, iyì tó péye kò sì tíì wọ inú ìtàn, bí ó tilẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ agbágéèmù.

Ọ̀nà kíkà yìí lè wúlò fún àwọn roguelite mìíràn tó ti ní apá kejì. Kí lámèyítọ́ tó ka iye ohun ìjà tó lé, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí òkú lè fi sílẹ̀, ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti irú ọmọ tí òfin géèmù náà ń kọ́ni láti kọ̀. Ìdáhùn ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn tó ń ṣe géèmù kì í sábà kọ sínú ìpolówó.

Ní ọdún 2024, Cellar Door Games fi kóòdù Rogue Legacy àkọ́kọ́ síta fún gbogbo ènìyàn, wọ́n ní nítorí àtipín ìmọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ṣí i wò nísinsìnyí, kí ó ka òfin oníbodè àti òfin àwọn àbùdá bí àwọn tó kọ wọ́n ti kọ wọ́n. Kò sí ohun tó dára ju èyí fún ẹ̀kọ́ nípa géèmù, pàápàá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀fẹ̀ ti pin àti ibi tí òfin ti bẹ̀rẹ̀.